Nígbà tí Òṣogbo Dá Larkin Lóhùn

Philip Larkin, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ka ewì rẹ̀ fún èrò. Ó gbà kí wọ́n gba ohùn òun sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, kí aráyé lè mọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n máa kà á, àmọ́ kí ó dìde níwájú ogunlọ́gọ̀ kí ó máa ka ewì, rárá o. Nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní 1982, ó sọ ìdí rẹ̀: ẹni tó ń fetí gbọ́ ewì kò rí bí ìlà ṣe tò, kò rí àmì ìdánudúró, kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ewì ọ̀hún ti ń parí lọ tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lójú tirẹ̀, ìwé ni ewì ń gbé, òǹkàwé kan ṣoṣo ló sì yẹ kó jókòó tì í.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló wá bọ́ sọ́wọ́ àwa ará Òṣogbo, àwa tí a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ká má fèsì.

Àwa kan máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nítòsí Ọláìyá. A ó ka ewì fún ara wa, a ó jiyàn lé e lórí, a ó sì túká kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Olùkọ́ wà nínú wa, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà níbẹ̀. Bàbá kan wà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù, a sì ń pè é ní Bàbá Akọ̀wé títí dòní. Ìyá kan wà tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ mú un wá, ó wá di pé ìyá ló ń fa ọmọ wá báyìí. Bí ewì bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, a ó kà á bó ṣe wà, lẹ́yìn náà ẹni tó kà á yóò tún un sọ ní Yorùbá kí Màmá lè bá wa dá sí i. Ká sọ tòótọ́, apá kejì yẹn gan-an ni mo máa ń torí ẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ní ká ka Larkin. Ó ti kà nípa rẹ̀, ó sì fi ìtàn rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ wéréwéré. Coventry ni wọ́n bí i sí ní 1922. Iṣẹ́ ilé ìkàwé ló ṣe jẹun. Láti 1955 títí ó fi kú ní 1985, òun ni olórí ilé ìkàwé Yunifásítì Hull, ìlú etí omi kan tó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, jíjìnnà yẹn ló sì bá a lára mu. Kò gbéyàwó, kò bímọ. Yàtọ̀ sí ìwé ìgbà èwe rẹ̀, ewì rẹ̀ kò ju ìwé tíńtínrín mẹ́ta lọ: ti 1955, ti 1964, ti 1974. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ oyè akéwì ààfin ní 1984, ó kọ̀ ọ́. Ewì kì í sábà wá bá a mọ́ nígbà náà. Ó ti sọ rí pé ohun tí òdòdó jẹ́ fún Wordsworth, akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, ni àìní jẹ́ fún òun. Ogbó, ikú, ìfẹ́ tí kò já mọ́ ẹni lọ́wọ́, àwọn ohun tó ń kọ nípa wọn nìyẹn.

“Ṣé kò rí nǹkan rere kan sọ ni?” Màmá ló béèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kí Màmá fara balẹ̀. Ó sì dìde, ó ka ewì kan tí kò ju ìlà 12 lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sórí nítorí ọ̀rọ̀ rírùn kan tó wà ní ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ náà, ó wo ojú Bàbá Akọ̀wé, ó húkọ́. Ohun tí ewì ọ̀hún ń sọ ni pé ìyá àti bàbá ẹni ló ń ba ayé ẹni jẹ́. Wọ́n lè má mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ wọ́n ṣe é. Àwọn náà, àwọn tó bí wọn ló ba tiwọn jẹ́. Ìyà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń jìn sí i bó ṣe ń lọ. Nítorí náà, tètè yáa jáde, má sì bímọ rárá.

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Màmá ti gbé ọwọ́ lé orí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló bá a sọ ọ́. Ní ìlú tí wọ́n ti ń bá ẹni gbé igbá lọ sí etí odò Ọ̀ṣun lọ́dọọdún nítorí ọmọ, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé “má bímọ” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń jù sáàárín èrò bẹ́ẹ̀ yẹn.

Bàbá Akọ̀wé rọra bọ́ awò ojú rẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Ta nínú yín ni kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀ rí pé ìwà bàbá ẹ ló ń dà ẹ́ láàmú?”

Ẹ̀rín sọ. Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ẹbí ọkọ òun ló mú òun sọ ọ́.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa bí ọmọ yẹn ṣe kà á, nítorí mo ń rí i káàkiri báyìí. Ó ń ju ọwọ́, ó ń fa ohùn, ó ń dijú níbi tí kò sí ohun tó yẹ kéèyàn dijú sí. Ọ̀rọ̀ Larkin jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sọ nínú ọkọ̀ èrò, ó kàn tò wọ́n débi pé wọn kò ṣeé yí padà ni. Bí a bá tún wá ń sunkún lé e lórí, ẹkún tiwa ni èrò máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ tó jẹ́ òótọ́ kò nílò kí òǹkàwé tún le ojú mọ́ ọn.

Àǹtí Tíṣà ló mọ̀ ọ́n kà. Ewì áńbúláǹsì ló mú, èyí tó wà nínú ìwé ti 1964. Ó jókòó, ó fi ìka tẹ ìwé, ó ń ka ìlà kan, ó ń túmọ̀ ìlà kan. Ọkọ̀ ọ̀hún ń gba àárín ariwo ọ̀sán ìlú kọjá, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Etí títì èyíkéyìí ló lè dúró sí, kò sì sí àdúgbò tí kò ní dé bó pẹ́ bó yá. Ó wá dúró. Àwọn ọmọdé wà lórí àtẹ̀gùn àti lójú títì, àwọn obìnrin ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà, òórùn ọbẹ̀ ilé oríṣiríṣi ń ta sí wọn nímú. Wọ́n rí ojú kan tó ti funfun, bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń gbé e wọ inú ọkọ̀.

Àǹtí dúró mí. Màmá mirí, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ó mà ṣe o.”

Àǹtí gbójú sókè, ó wò ó. Ohun tó kàn nínú ewì náà gan-an nìyẹn. Àwọn obìnrin inú ewì rí ọkọ̀ tó ń lọ, wọ́n sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó mà ṣe o. Màmá kò ka ìwé Larkin rí, ó sì dé ibẹ̀ ṣáájú òǹkàwé. Ṣùgbọ́n Larkin kò dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀. Ó fi kún un pé ìdààmú ara tiwọn ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Nígbà tí Àǹtí túmọ̀ èyí, Màmá ronú díẹ̀.

“Ìyẹn náà ò parọ́,” ló wí. Lẹ́yìn náà: “Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó yà sí àdúgbò wa.”

Gbogbo ilé ṣe àmín.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó tì mí pòṣé. Ó ní ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá yìí sú òun, pé a kò lè gbọ́ ewì kan parí ká má sọ ọ́ di ìpàdé àdúrà, pé akéwì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò sí àdúgbò tí kò ní dé tán, ẹ sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má dé tiyín. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo ti pòṣé irú ẹ̀ rí. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá a pòṣé.

Tiwa kọ́ ni kí ewì máa lọ kí ẹnu gbogbo ilé sì pa mọ́. Babaláwo ń kì Ifá, àwọn tó jókòó tì í ń ṣe hin. Ọdẹ ń sun ìrèmọ̀jé níbi ìpà ọdẹ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àwọn ewì wọ̀nyẹn fúyẹ́, kó lọ gbọ́ ìrèmọ̀jé dáadáa, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá òkú wí pé ó fi àwọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dúdú kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tó ṣàjèjì ni kí èèyàn sọ ọ́ kó má sí ẹni tó máa dáhùn.

Òṣogbo tiẹ̀ yẹ kó mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Níhìn-ín ni Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀, Ọba Kò So, ní 1963, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Berlin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣàngó pokùnso. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọba so. Ààrá sán, iná jó, gbogbo ohùn sì pa pọ̀ di ọ̀kan: ọba kò so. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn ni mo ti mọ̀ pé kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó ń pariwo tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi àyàn. Èèyàn kì í fi gbogbo agbára ohùn rẹ̀ sẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bí Larkin bá wà níbẹ̀, yóò dúró lábẹ́ igi náà nínú kóòtù rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀, yóò sì wí jẹ́ẹ́ pé, “Ó so.” Òun náà kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pariwo kì í ṣe òpùrọ́ lójú mi. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kọ̀ ọ́ ni. Àmín tí Màmá àti gbogbo wa ṣe, bó ṣe rí nìyẹn: a gbọ́ ewì náà yékéyéké, a kàn fi dá a lóhùn pé a kò gbà.

Èyí tí a ń bẹ̀rù ni Bàbá Akọ̀wé mú. Larkin bẹ̀rẹ̀ ewì náà ní 1974, ó pa á tì, ó parí rẹ̀ ní 1977 lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń múra Kérésì. Ẹ wo ẹ̀bùn! Ìlà 50 ni. Ọkùnrin kan jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ó ń wo òkùnkùn. Ó ti ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ti mutí lálẹ́. Ohun tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá ni ikú, tó ti fi odindi ọjọ́ kan sún mọ́ ọn sí i.

Bàbá fi awò sójú, ó sì kà á bí ẹni ń ka ìwé owó iná: iye tí a jẹ, ọjọ́ tí a ó san án. Kò gbé ohùn sókè, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ẹ̀sùn sí àwọn èèyàn létí ní kóòtù, ó mọ̀ pé ẹ̀sùn tó wúwo kò nílò kí akọ̀wé máa gbọ̀n.

Ó dé ibi tí Larkin ti pe ẹ̀sìn ní aṣọ olówó ńlá tí kòkòrò ti jẹ, tí wọ́n dá láti fi ṣe bí ẹni pé a kì í kú. Arákùnrin kan tó ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ na ọwọ́ sókè.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ìlà yẹn.”

“Mi ò fo ìlà rí ní kóòtù,” Bàbá dá a lóhùn, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá láìyọ nǹkan kan kúrò.

Mo rò pé Màmá máa bú sí àdúrà. Àmọ́ aṣọ ló bi í léèrè. Irú aṣọ wo? Bàbá ní burokéèdì ni. Màmá ní, “Hẹn-ẹn. Kòkòrò kì í jẹ ọ̀rá. Àwọn aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń kó wá báyìí yìí, ẹ sin ín sínú àpótí fún ogún ọdún, kòkòrò ò ní wò ó. Ojúlówó ló ń jẹ. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé aṣọ náà dáa.”

Mo ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa ìlà yẹn, n kò rí ẹni tó wò ó láti ibi tí oníṣòwò aṣọ ti wò ó. Mo sì gbà pé Màmá ríran. Larkin ní ewì mìíràn tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Kò gbà gbọ́, kò sì dé fìlà tí ì bá ṣí, ló bá bẹ̀rẹ̀, ó yọ irin tó fi ń di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tó bá ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò ka aṣọ kún kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀.

Bàbá ń bá a lọ. Ìgboyà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, à báà sunkún sí ikú, à báà dúró gbọin, ọ̀kan náà ni. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, tẹlifóònù ń múra àtidún nínú àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa, ojú ọ̀run funfun, oòrùn kò sí, iṣẹ́ wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe, àwọn tó ń pín lẹ́tà sì ń lọ láti ilé dé ilé bíi dókítà. (Ó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn ọmọdé inú wa, tí kò sí ẹni tó mú lẹ́tà wá sílé fún wọn rí láyé wọn.)

Aago mẹ́rin tirẹ̀ kì í kúkú ṣe tiwa. Ní Òkè-Baálẹ̀ tí mò ń gbé, oníwàásù kan ti máa ń bọ̀ lójú títì nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀, tí ó ń kìlọ̀ fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìpè ìrun kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó fẹ́ bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ Èkó ti ń bá ìlẹ̀kùn jà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí Larkin fi kọ ewì yẹn, èèyàn ò lè rí i rà ní Òṣogbo. Nítorí náà ni mo ṣe rò tẹ́lẹ̀ pé ewì náà kò lè bá ẹnikẹ́ni wí nínú wa.

Bàbá parí. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín, kò sẹ́ni tó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó ká ìwé náà, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ pé, “Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ ni mo ti ń jí ní aago mẹ́rin. Mi ò mọ̀ pé òyìnbó náà ń jí.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá,” Màmá wí. Ìyẹn nìkan. Ẹ kíyè sí i pé kò gbàdúrà.

Ó yẹ ká ti dìde nígbà yẹn, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ ẹ́ nínú. Ó ní ṣé a mọ̀ pé nígbà tí wọ́n kó lẹ́tà Larkin jáde ní 1992, ọ̀rọ̀ èébú tó kọ nípa aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀? Àwọn kan kò mọ̀. Mo mọ̀, mo sì ti ń retí ẹni tó máa mú un wá. Ọkùnrin yìí kan náà ló fẹ́ràn fèrè Sidney Bechet, afunfèrè jáàsì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, débi tó kọ ewì fún un, tó sì fi ọdún mẹ́wàá kọ nípa jáàsì fún ìwé ìròyìn Daily Telegraph, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí á ya ewì kúrò lára ẹni tó kọ ọ́. Mi ò rí i yà. Ọwọ́ tó kọ ti aago mẹ́rin ló kọ ti lẹ́tà. Ohun tí mo lè sọ ni pé ohun tó sọ nípa ara rẹ̀ jẹ́ òótọ́; nígbà tó kan àwa, kò wò wá dáadáa tó bó ṣe wo ara rẹ̀. Mo ń kà á, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Màmá ní, “Ká ní ó mọ̀ pé a máa kà á níbí ni, ì bá tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ.” Ó dá mi lójú pé kò ní tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló fi òótọ́ Larkin hàn, ìyẹn nípa kíkà sókè tó kọ̀. Àǹtí ti ka ewì tó kọ nípa ibojì tọkọtaya ayé àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Chichester. Wọ́n gbẹ́ wọn sórí òkúta, wọ́n sùn, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ìlà tó parí rẹ̀ sọ pé ohun tó máa kù lẹ́yìn wa ni ìfẹ́. Ọmọ Màmá, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ń bọ̀, gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun máa tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì ìpè òun. Bàbá Akọ̀wé ní kó kọ́kọ́ ka ìlà tó ṣáájú. Níbẹ̀ ni Larkin ti ní ohun tí ọkàn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ni, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi “fẹ́rẹ̀ẹ́” dè é mọ́lẹ̀ kó tó jẹ́ kó jáde. Nígbà tí wọ́n fi òkúta ìrántí rẹ̀ sí Westminster Abbey, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 2016, ìlà méjèèjì ni wọ́n gbẹ́ sí i, wọn kò yọ “fẹ́rẹ̀ẹ́” kúrò.

“Bàbá, ìlà yẹn ò lè wọ káàdì,” ọmọ náà wí.

Àǹtí ti ka ìlà méjèèjì o, ó kà wọ́n ketekete. Etí ló mú èyí tó dùn, ó fo èkejì. Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ojú rẹ̀ ì bá rí i. Larkin ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì gbà fún un ní ti ìyẹn. Àmọ́ bí a bá tẹ̀ lé e délẹ̀, tí kálukú jókòó sílé tó ń fi ojú ka tirẹ̀, ta ni ì bá sọ fún wa nípa kòkòrò àti ojúlówó aṣọ?

A ti wá pinnu pé ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó ṣe fótókọ́pì ewì kọ̀ọ̀kan, kí ìwé wà níwájú kálukú bí wọ́n bá ń kà á. Owó rẹ̀ ni a ṣì ń jiyàn lé. Màmá ní òun máa dá tòun síbẹ̀, àmọ́ kí a má wulẹ̀ ṣe ti òun mọ́ ọn, òun ò ka Gẹ̀ẹ́sì. Kí Àǹtí tàbí Bàbá ṣáà máa kà á sókè, kí a sì jọ̀wọ́ má jẹ́ kí ọmọ tó ń ju ọwọ́ yẹn tún kà á.